Búkà oníkókórẹ́ kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, àti ọmọ tó ń sọ pé "I'm coming" tó sì ń lọ

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé mo wá ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkókórẹ́ ibẹ̀ dáa. Ó dáa débi pé mo lá abọ́, èmi àgbàlagbà, èmi tíṣà, níṣojú ọmọ tí mo mú dání. Mi ò ní dárúkọ búkà náà torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa bí wọ́n ṣe ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, àmọ́ ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde ló wà, kò jìnnà sí Fọlágbadé, tẹ́ ẹ bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán tí òórùn epo pupa pẹ̀lú ẹja yíyan ṣàdédé mú yín nímú, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè é ní àsáró ewùrà (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá mi), ewùrà ni wọ́n máa ń rin, wọn kì í gé e. Wọ́n á ti gbé omi ata, epo, edé àti ẹja kaná, á ti hó dáadáa kí wọ́n tó máa fi ọwọ́ bu ewùrà rínrin yẹn sí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ búkà ti ń ba tiwọn jẹ́ ni pé wọn ò ní sùúrù, bí wọ́n bá ṣe bu ewùrà sí i tán báyìí wọ́n á ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́, wọ́n á máa rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, gbogbo ẹ̀ á wá yọ́ pọ̀, á dà bí ògì tí wọ́n da epo sí. Ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó dì ná, kó di kókó, kí wọ́n tó wá rọra yí i. Ti ìyá yìí, kókó ẹ̀ wà níbẹ̀, wàá fojú rí i, wàá fi eyín tẹ̀ ẹ́, ìta ẹ̀ le díẹ̀ àmọ́ inú ẹ̀ rọ̀, ata sì ti wọ inú ọ̀hún. Ẹja yíyan tó ti gbẹ dáadáa ni wọ́n fi sè é. Tí wọ́n bá wá gbé ẹ̀bà tútù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀bà gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan gbinrin, tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá láti àárọ̀, haa. Àwọn ará ibòmíì máa ń béèrè pé ṣé ẹ̀bà gbígbóná ò sí ni. Ó wà o. Ẹ má jẹ ẹ́ sí ìkókórẹ́ ni mo wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi ọ̀rọ̀.

Ọmọ àǹtí mi wá láti London fún Ojúde Ọba. Ọ̀hún ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá níwọ̀nba, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ dáhùn, gẹ̀ẹ́sì ló máa bọ́ sí i lẹ́nu. Ìyá ẹ̀ ló bá Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) tiẹ̀ jáde, òun kàn tẹ̀ lé e ni, ó ń ya fọ́tò ẹṣin títí fóònù ẹ̀ fi kún. Lẹ́yìn tí ariwo Iléyá lọlẹ̀ díẹ̀ ni mo ní kó jẹ́ ká lọ jẹ oúnjẹ tí ìyá ẹ̀ ti ń ròyìn fún un láti kékeré. Ọjọ́ Thursday ni, ọjọ́ ìkókórẹ́.

A jókòó. Fáànù ń yí, a dúpẹ́. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ wá bá wa, ọmọbìnrin kan báyìí tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ káàsán sà, kí lẹ máa jẹ?" Mo ní ìkókórẹ́ abọ́ méjì, ẹ̀bà tútù méjì, kó sì bá mi wò ó bóyá orí ẹja ṣì wà. Ó ní "Okay sà, I'm coming." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì, ó lọ.

Àbúrò mi wo ẹnu ọ̀nà. Ó wojú mi. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "But she's going."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bọ̀. Ó ní rárá, ó ń lọ ni. Mo ní mo mọ̀ pé ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ń bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ iyán ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín, òkèlè fẹ́ẹ̀ há a lọ́fun.

Ẹ má fi àbúrò mi rẹ́rìn-ín o, torí èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí, bírò pupa ni mo fi ń jẹun. Tí ọmọ bá kọ ọ́ sínú àròkọ pé "My mother said I am coming and she went to the market", màá fa igi pupa sí abẹ́ ẹ̀, màá yọ máàkì, torí pé nínú máàkì 50 tí WAEC fi sí àròkọ, 20 ló wà fún bí ọmọ ṣe lo èdè, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti máa ń fara pa jù. Màá dúró níwájú bọ́ọ̀dù, màá tú u palẹ̀ fún wọn: tẹ́ ẹ bá ń kúrò lọ́dọ̀ èèyàn tẹ́ ẹ sì máa padà wá, ẹ ní "I'll be right back", tàbí kẹ́ ẹ ní "Excuse me a moment". "I'm coming" wà fún ìgbà tí wọ́n bá pè yín láti yàrá kejì tẹ́ ẹ sì ti dìde, tàbí tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ sì ń rìn lọ ṣí i fún un. Gbogbo kíláàsì á ní "Yes sà". Fóònù mi á wá dún, màá wo ẹni tó ń pè, màá ní "Class, I'm coming", màá jáde.

Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín rí. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ àṣìṣe kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ò gbọ́ ọ.

Àfi ọjọ́ yẹn ní búkà ni mo tó fara balẹ̀ rò ó, torí mo ní láti ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Yorùbá ní "wá", ó sì tún ní "bọ̀". Òyìnbó á kó méjèèjì sínú "come", á ní ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi "ń" síwájú "wá" kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ká ní ọmọ yẹn ní "mò ń wá" ni, àwa méjèèjì á bi í pé kí ló sọ nù. Ohun tó bá wà lọ́nà tí kò tíì dé, "bọ̀" la máa ń lò fún un: òjò ń bọ̀, ọkọ̀ ń bọ̀, Iléyá ń bọ̀. "Bọ̀" yìí kì í wá ṣe dídé lásán, pípadà wà níkùn ẹ̀. Mo ti ọjà bọ̀, ẹni tó lọ ló dé yẹn. Ẹ káàbọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tá a fi ń dágbére fúnra wa, ó dàbọ̀, ó di àbọ̀: ẹni tó ń lọ là ń kí, àbọ̀ ẹ̀ la dárúkọ. Nítorí náà ẹni tó dìde lórí ìjókòó tó ní "mò ń bọ̀" kò parọ́, ibi tí ìrìn ẹ̀ máa parí sí ló ń sọ fún ẹ, kò ráyè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá ìyá mi n'Ìjẹ̀bú-Igbó ò tiẹ̀ ní gbà kí ọmọ kankan dúró lẹ́nu ọ̀nà òun kó ní "mò ń lọ o". Á ní lọ síbo? Á ní ẹni tí kò ní bọ̀ mọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kó o sọ pé ò ń bọ̀, kódà kó jẹ́ Èkó lò ń lọ, kó jẹ́ Kérésìmesì lo máa tó tún fojú kàn wọ́n. "Mò ń bọ̀" ti wọ̀ mí lára kí n tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, nígbà tí gẹ̀ẹ́sì wá dé, mo kàn bọ́ aṣọ ìlú lọ́rùn ẹ̀, mo wọ kóòtù fún un. Kì í sì í ṣe àwa nìkan, àwọn ará Gánà náà ń sọ "I'm coming" wọn bákan náà, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á sì máa lọ.

Àbúrò mi ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n pé nílé oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó ń gbé oúnjẹ lè sọ pé "coming right up", ìyẹn ni pé oúnjẹ ẹ ti fẹ́ẹ̀ dé, nítorí náà bó ṣe gbọ́ "coming" yẹn lọ́kàn ẹ̀ ti lọ síbi abọ́. Mo wá rò ó pé "coming" tàwọn tó ni èdè gan-an ò gún tó bí mo ṣe ń fi í yangàn níwájú bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tá a fẹ́ jáde, ó ti jókòó sínú mọ́tò, ó yọrí síta, ó ní "Are you coming?" Ẹnu géètì ni mo wà kẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ! Ọmọ Yorùbá á bi mí pé ṣé mò ń lọ àbí mi ò lọ mọ́. Wọ́n máa ń ní "I'm coming with you" níbi tí àwa ti máa ní "mò ń bá ẹ lọ", torí pé lójú tiwọn, ibi tí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ wà, tàbí ibi tó ń lọ, ni "come" máa ń kọjú sí. Ìyá ẹ̀ náà sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀sẹ̀ tí òun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́hùn-ún, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní "I think I'm coming down with something", òun bá kọjú sí àtẹ̀gùn, òun rò pé ẹrù ló fẹ́ gbé sọ̀ kalẹ̀, kóun lọ bá a gbé e. Ọ̀fìnkìn ló fẹ́ mú onítọ̀hún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni January 2020, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford kó ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 sínú ìwé wọn, buka wà níbẹ̀, mama put wà níbẹ̀, next tomorrow tá a fi túmọ̀ ọ̀túnla náà wà níbẹ̀. Mo ti fi bírò pupa fa igi sábẹ́ next tomorrow rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí, àwọn ọmọ tí mo fà á fún ti jáde ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí búkà, torí ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ rò. Mi ò bá ọmọ yẹn jà lórí gẹ̀ẹ́sì o. Wàhálà mi ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fi ń dáhùn gbogbo nǹkan, o ò sì ní mọ èwo nínú ẹ̀ ni tìẹ. Àkọ́kọ́ yẹn tó fi jáde sí títì, ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo tó mọ̀ pé ó lọ ra omi inú ọ̀rá wá ni torí tiwọn ti tán, a ò tiẹ̀ tíì béèrè omi, ó kàn rí i pé a ń làágùn ni, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ ìṣẹ́jú méjìlá ló gbà, omi la sì rí, a ò rí oúnjẹ. Nígbà tó gbé omi kalẹ̀ mo ní orí ẹja tí mo béèrè ńkọ́, ó ní "I'm coming", ó wọ kíṣìnnì, kò jáde mọ́, ẹlòmíì ló gbé abọ́ wa wá, pọ̀nmọ́ ló sì wà lórí ẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé orí ẹja ti tán, ojú ló ń tì í láti sọ. Tábìlì ẹ̀yìn wa pè é pé ata ọbẹ̀ yìí pọ̀ jù, ó ní "I'm coming sà", kò tiẹ̀ dúró, ìyẹn túmọ̀ sí pé mo ti gbọ́, kí lẹ fẹ́ kí n wá fi ata tó ti jinná ṣe báyìí? Ìgbà tó yá, ìyá olóńjẹ fúnra wọn pariwo orúkọ ẹ̀ láti kíṣìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "I'm coming ma!" ó sì sáré lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún àbúrò mi, mo ní gbọ́ ọ o, ìyẹn nìkan ló bá ìwé mu látàárọ̀.

Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń jẹun ní búkà, etí yín á ti máa yà á sọ́tọ̀. Tó bá wojú yín tó sọ ọ́ kíákíá, ẹ lè fọkàn sí i, kò ní pẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó ti yíjú kúrò kó tó sọ ọ́, ẹ mú fóònù yín jáde. Tó bá wá fà á, "I'm comiiiing", tó ń gbá tábìlì ẹlòmíì bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ yáa dìde lọ bu omi fúnra yín. Èyí tó burú jù ni tinú fóònù, télọ̀ mi kan ní Ṣágámù ló ń sọ ọ́ fún mi pé "I'm coming, mo ti wà lọ́nà", mo sì ń gbọ́ ìró maṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìyẹn péye o, WAEC á fún un ní máàkì. Irọ́ ló wà nínú ẹ̀.

A jẹun tán. Owó wa jẹ́ ₦5,300. Mo ṣe tiráńsífà, kò lọ, nẹ́tíwọ̀kì ń yí bí òòyì, POS wọn náà kú. Mo bá fún ọmọ yìí ní ₦6,000 lọ́wọ́, ṣéńjì mi ₦700. Ó gba owó, ó wojú mi, ẹ ti mọ ohun tó sọ.

A dúró. Àwọn ọmọ ilé ìwé rọ́ wọlé bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ yẹn ń gbé abọ́ lọ gbé abọ́ bọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ wa mọ́. Mo wo aago, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ jàre, ₦700 ò lè pa mí. Àbúrò mi ò dìde. Ó fọwọ́ lérán, ó ní "But she said she's coming." Èmi tí mo ti fi odidi wákàtí kan kọ́ ọ pé tó bá sọ bẹ́ẹ̀ á padà wá, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Kò wá. A lọ.

Nítorí náà, ìràwọ̀ mi nìyí. Oúnjẹ, 5 nínú 5, mi ò yọ nǹkan kan. Ìmọ́tótó, 4, ọṣẹ wà níbi ìfọwọ́ọ́, omi ń yọ, tábìlì nìkan ni wọn kì í tètè nù. Bí wọ́n ṣe ń dáni lóhùn, 2. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, Thursday àti Saturday nìkan ni ìkókórẹ́ wà, ẹ dé ibẹ̀ kí aago kan tó lù, torí tó bá di aago méjì, ìsàlẹ̀ kúlà ni wọ́n máa fún yín. Ẹ mú owó kéékèèké dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan, ẹ má béèrè bí mo ṣe béèrè pé kó bá mi wò ó bóyá, ẹ bi í pé ṣé ó wà àbí kò sí, torí ìbéèrè yẹn ni "I'm coming" ò lè dáhùn. Fún ìyá tó ni ibẹ̀, tó bá ṣeé ṣe kí ẹnì kan ka èyí fún wọn: ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ wá ọmọ kan kún un, ọmọ kan ò lè máa sá kiri tábìlì mọ́kànlá. Ẹ sì sọ fún un pé kò burú láti ní "ó ti tán, ẹ má bínú". A ò ní nà án.

Mo ti kọ gbogbo èyí tán lọ́jọ́ Friday, mi ò kàn tíì gbé e sí i ni. Thursday tó tẹ̀ lé e mo tún lọ, èmi nìkan, torí ọbẹ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Mi ò tíì jókòó tí ọmọ yẹn ti já tábìlì ẹnì kan sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá mi, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, tààràtà. Ó tú ọ̀rá kékeré kan tó so mọ́ etí ìró, ó yọ ₦700 tó ti ká róbótó, bébà péńpé wà lára ẹ̀ tó kọ "bọ̀ọ̀dá oníkókórẹ́ 2, pẹ̀lú òyìnbó" sí. Mo ní haa, ó ṣé, mo ti gbàgbé ẹ̀ (irọ́ ni). Ó ní, "Sà, mo kúkú ní I'm coming, ẹ̀yin lẹ lọ."

Mo pa ìràwọ̀ 2 yẹn rẹ́, mo kọ 3. Mo jókòó, mo ní ṣé orí ẹja wà àbí kò sí.

Ó ní ó wà.